Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ọ̀rọ̀ Lórí Dókítà Orí Tẹlifóònù

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òmù-Àrán

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, ṣùgbọ́n ó kan owó oṣù. Ọ̀rọ̀ ìlera ara ni. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ti ń pín fóòmù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa pé, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, kí ó kọ́kọ́ pe dókítà lórí tẹlifóònù kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan ti buwọ́ lù ú. Àwọn kan ń bi wá pé, "Ẹ̀yin aṣojú wa, ṣé kí á buwọ́ lù ú ni, àbí kí á dá a padà?" Èsì wa rèé. Dókítà orí tẹlifóònù dára bí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kejì tí wọ́n ṣí fún wa. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi ti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni, kò dára. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti rí i pé ilẹ̀kùn méjèèjì wà ní ṣíṣí.

KÌ Í ṢE OHUN TÓ BẸ̀RẸ̀ LÁNÀÁ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì ni kí aláìsàn wà níhìn-ín, kí ẹni tó ń wò ó wà lọ́hùn-ún. Àwọn baba wa a máa rán ọmọ sí oníṣègùn ní ìlú mìíràn pé, "Lọ sọ fún un pé òtútù ń mú baba rẹ láti àná, kò sì jẹun." Oníṣègùn á bi ọmọ náà ní ìbéèrè, á di àgúnmu lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá kọ̀ tí kò lọ, oníṣègùn á gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, á wá fojú ara rẹ̀ rí aláìsàn.

Àwọn òyìnbó náà ṣe irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní ọdún 1928, àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Flynn dá iṣẹ́ dókítà tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ní aginjù tó jìnnà sí ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1929, Alfred Traeger ṣe rédíò kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà bí ẹni ń wa básíkù, kí ẹni tí kò ní iná mànàmáná lè fi í ránṣẹ́ pe dókítà. Ní ọdún 1935, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ CIRM sílẹ̀ ní ìlú Róòmù, kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí kò ní dókítà nínú ọkọ̀ lè gba ìmọ̀ràn dókítà lórí rédíò láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe rédíò nìkan ni wọ́n gbé fún àwọn ará Ọsirélíà. Rédíò àti ọkọ̀ òfuurufú ni. Bí àìsàn bá kọjá ohun tí a lè fi ẹnu wò, ọkọ̀ á gbéra, dókítà á sì dé. Ẹni tó bá gbé tẹlifóònù fún wa tí kò gbé ọkọ̀ tì í, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ní ilẹ̀ wa níbí, kí tẹlifóònù GSM tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ilé tí wọ́n ti ní tẹlifóònù kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà dé. Oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n kéde ti Ìpínlẹ̀ Kwara wa. Ìjọba fi òfin de ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, mọ́tò jókòó sí gáréèjì. Ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tán kò rọ́nà lọ bá dókítà rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn. Àrùn náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifóònù kò padà sẹ́yìn.

IBI TÍ OWÓ TI WỌ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí á tú ìdí owó wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin ọdún 1999 ló dá ìnṣọ́ránsì ìlera, NHIS, sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 2005 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, òfin tuntun rọ́pò ti àkọ́kọ́, ó sọ NHIS di NHIA, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà wọ ìnṣọ́ránsì ìlera.

Bí ètò náà ṣe ń lọ nìyí. Òṣìṣẹ́ á yan ilé ìwòsàn kan. Ilé-iṣẹ́ tó dúró láàárín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní HMO, á máa san iye owó kan fún ilé ìwòsàn náà lóṣooṣù lórí olúkúlùkù. Ẹ lọ o, ẹ kò lọ o, iye kan náà ni. Nítorí náà, ẹni tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kò jẹ wọ́n ní oògùn, kò jẹ wọ́n ní abẹ́rẹ́, kò sì gba àkókò nọ́ọ̀sì. A kò sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣe àrékérekè. Ohun tí a ń sọ ni pé èrè wà nínú kí aláìsàn jókòó sílé. Níbi tí èrè bá wà, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ la ojú rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́ RÍ

A lọ káàkiri, a bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní ilé-iṣẹ́ àti ní gáréèjì, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́. A kò lọ pẹ̀lú èrò pé kí wọ́n bú dókítà. Èyí tó dára la kọ́kọ́ gbọ́.

Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Èkó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ó sì ti ń wò ó fún ọdún mélòó kan. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ tó bá lọ rí dókítà, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bọ́ nìyẹn, owó mọ́tò sì tún wà ńbẹ̀. Nísinsìnyí, ó máa ń dúró ní kẹ́míìsì kó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á ka iye tó bá rí fún dókítà lórí tẹlifóònù, dókítà á sọ bóyá kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lọ tàbí kí ó wá. Ìyá kan ní ẹ̀ka ìdìpọ̀ ọjà gbọ́ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù láìpa iṣẹ́ jẹ. Àwọn wọ̀nyí dúpẹ́, àwa náà sì bá wọn dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo àwọn tí ó dára fún, dókítà tó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ó ti fọwọ́ kàn wọ́n rí, ó ti rí ojú wọn, ó mọ ohùn wọn nígbà tí ara wọn le. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Tẹlifóònù ń gbé ọ̀rẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́. Kì í sọ àjèjì di ọ̀rẹ́. Àwọn tó bá àjèjì sọ̀rọ̀, tiwọn yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ èdè. Bàbá kan nínú wa pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì rẹ̀. Ẹni tó gbé e kò gbọ́ Yorùbá. Bàbá ní kí ọmọ òun bá òun túmọ̀: "Sọ fún un pé àyà mi ń já." Ọmọ sọ fún dókítà pé ẹ̀rù ń ba bàbá òun. Dókítà ní kí bàbá fọkàn balẹ̀, kí ó sinmi. Gbogbo wa níbí mọ̀ pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìrí ohun tó bà á lẹ́rù, ọkàn rẹ̀ ló ń lù ju bó ti yẹ lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé bàbá dé ilé ìwòsàn ni nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ èdè wa mú ọwọ́ rẹ̀, tó ka ìlù ẹ̀jẹ̀, tó sì sáré pe dókítà. Bákan náà, bí a bá ní "òtútù ń mú wa", ẹni tí kò gbọ́ èdè á ní kí a wọ ẹ̀wù tó nípọn. Àwa mọ̀ pé ibà ló ń bọ̀ yẹn.

Ìkejì ni ohun tí etí kò lè gbọ́. Dókítà orí tẹlifóònù kò lè tẹ ikùn wò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ bí ẹ̀dọ̀fóró ti ń dún. Kò lè rí i pé aláìsàn ń tiro, tàbí pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀. Òṣìṣẹ́ sì ní àṣà kan: bí wọ́n bá bi wá pé báwo ni ara, a ó ní "adúpẹ́." Ẹni tó wà níwájú wa á rí i pé irọ́ ni. Ẹni tó wà lórí tẹlifóònù á kọ "adúpẹ́" sílẹ̀.

Ìkẹta ni àwọ̀ ara wa. Nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó, kí aláìsàn lè wà nílé kí ó máa ka iye rẹ̀ fún dókítà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde pé ẹ̀rọ náà ń tan ènìyàn jẹ lára aláwọ̀ dúdú. Ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó, nígbà tí kò tó, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tó ń ṣe é lára òyìnbó. Ẹ̀rọ náà wúlò, ẹ má jù ú nù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ní ara yín le, tí mímí sì ń nira, ara yín ni kí ẹ gbàgbọ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìkẹrin ni ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ kan, orí tábìlì fọ́mánì ni tẹlifóònù tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa fi pe dókítà wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àìsàn tó kan nǹkan ọkùnrin. Fọ́mánì jókòó síwájú rẹ̀, àwọn méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni kí ó sọ? Ó ní, "Orí ń fọ́ mi." Wọ́n kọ oògùn ẹ̀fọ́rí fún un, ó sì gbé àìsàn rẹ̀ padà sídìí ẹ̀rọ. Ìtìjú kọ́ ló yẹ kí á bi í léèrè. Ẹni tó gbé tẹlifóònù sórí tábìlì fọ́mánì ló yẹ kí á bi.

Ìkarùn-ún ni ìwé ìsinmi, èyí ló sì fa èdè-àìyedè jù lọ. Dókítà orí tẹlifóònù sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ wa kan pé kí ó sinmi fún ọjọ́ 3. Ó sinmi. Nígbà tó padà, wọ́n ní kò sí ìwé, wọ́n sì yọ owó ọjọ́ 3 nínú owó oṣù rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tẹ̀lé àṣẹ dókítà tí ilé-iṣẹ́ fún un, ilé-iṣẹ́ kan náà ló sì jẹ ẹ́ níyà. Ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí. Ìpín 16 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, bí àìsàn bá mú un, tí dókítà tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, ìwé dókítà kì í ṣe ìwé lásán. Owó ni. Dókítà tí kò bá lè kọ ìwé kò tíì tọ́jú òṣìṣẹ́ tán.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ WA NÍ ÌLÚ ỌBA RÍ

Àwọn ọmọ wa àti àbúrò wa wà ní Bìrìtéènì, wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Ìlú tó ní dókítà ìdílé ni wọ́n wà: láti ọdún 1948 tí wọ́n ti dá NHS sílẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tó wà ládùúgbò rẹ̀ láìsanwó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2019, nǹkan bí 8 nínú ìbẹ̀wò 10 sọ́dọ̀ dókítà ìdílé ló jẹ́ ojúkojú. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2020, kò tó ìdajì mọ́. Ariwo sọ. Àwọn arúgbó àti àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu ní àwọn kò rí dókítà mọ́. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru, ní tẹlifóònù rọ àwọn lọ́rùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn aláṣẹ NHS kọ̀wé sí àwọn dókítà pé ẹni tó bá fẹ́ ojúkojú, kí wọ́n fún un, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ojúkojú ti padà sí nǹkan bí 7 nínú 10.

Kí ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀? Aláìsàn ló pariwo tí wọ́n fi tún ilẹ̀kùn ṣí. Ìlú Ọba ní dókítà jù wá lọ, títí kan àwọn dókítà tiwa: ó lé ní 10,000 dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn dókítà Bìrìtéènì. Bí àwọn yẹn bá ní láti pariwo, àwa tí dókítà wa ń lọ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ fi àìtó dókítà ṣe àwáwí pé tẹlifóònù nìkan ló kù fún wa.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ Ń BÉÈRÈ

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má dá buwọ́ lu fóòmù. Kí ẹ kó o wá sọ́dọ̀ aṣojú yín. Àwọn ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn nìyí:

1. Kí tẹlifóònù má ṣe jẹ́ dandan. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí dókítà lójúkojú, kí ó lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ fọ́mánì.

2. Kí ẹni tó ń gbé tẹlifóònù gbọ́ Yorùbá, tàbí kí ògbifọ̀ tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣe ògbifọ̀ àìsàn ẹni.

3. Kí ìpè náà má ná òṣìṣẹ́ ní owó ìpè tàbí owó dátà.

4. Kí yàrá tó ní ilẹ̀kùn wà fún ìpè náà. Òfin Ìlera ọdún 2014 sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, Òfin Ààbò Dátà ọdún 2023 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá dókítà sọ kò gbọdọ̀ dé etí máníjà.

5. Kí dókítà tó bá ní kí òṣìṣẹ́ sinmi fi ìwé ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ilé-iṣẹ́ sì gbà á.

6. Bí dókítà bá ní kí aláìsàn wá, kí ilé-iṣẹ́ pèsè mọ́tò tàbí owó mọ́tò.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE

Títí àdéhùn yóò fi wáyé, ẹ má kó ara yín sí wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ pe dókítà, ẹ kọ ohun tó ń ṣe yín sílẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń dùn yín, oògùn tí ẹ ti lò, títí kan àgbo. Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá wà lára yín, ẹ wọn ín kí ẹ tó pè. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Kí ìpè tó parí, ẹ béèrè pé, "Bí kò bá lọ, ìgbà wo ni kí n wá?" Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ tó pè. Òfin ojú pópó kò fàyè gba tẹlifóònù lórí ìwakọ̀, ikú kò sì fẹ́ àlàyé.

Àwọn àìsàn kan wà tí a kì í pe tẹlifóònù sí. Bí àyà bá ń dun ènìyàn gidigidi, bí mímí bá nira, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú lójijì tàbí tí ẹnu wọ́, bí gìrì bá mú ọmọdé, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, bí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́, bí mọ́tò bá dojú dé: ilé ìwòsàn tààrà ni. Kí ẹ má jókòó ti nọ́ńbà tí kò wọlé. Ìpín 20 nínú Òfin Ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Bí wọ́n bá kọ̀ yín nítorí owó tàbí káàdì, ẹ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ará, a kò kọ ohun tuntun. Awakọ̀ tí dókítà rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lóṣooṣù sàn ju ẹni tí kò rí dókítà lọ́dún lọ. Ohun tí a kọ̀ ni kí wọ́n yọ owó nínú owó oṣù wa fún ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà tẹlifóònù san án padà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò máa gba fóòmù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìpàdé yìí. Ẹni tí irú nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kí ó sọ fún aṣojú rẹ̀, kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.   Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò máa ga sí i.